Iná pupa, káàdì pupa: àkọsílẹ̀ bí Google ṣe dá 12,000 òṣìṣẹ́ dúró

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Ẹtì, ogúnjọ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀. Sundar Pichai, ọ̀gá àgbà Google àti Alphabet tó ni Google, kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ pé nǹkan bí 12,000 èèyàn niṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú òṣìṣẹ́ ọgọ́rùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́fà ni wọ́n yọ. Ó ní òun fúnra òun gba ẹ̀bi ìpinnu tó gbé ilé-iṣẹ́ náà débẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tọ́rọ̀ kàn ni kò lè ṣí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ mọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ohunkóhun. Inú ímeèlì ara wọn, èyí tí wọ́n fi ń bá ẹbí àti ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, ni wọ́n ti rí lẹ́tà ìdádúró. Ọ̀gá ẹ̀ka kan tó ti lo ju ọdún 16 lọ níbẹ̀ kọ ọ́ síta pé nǹkan bí aago mẹ́ta òru ni wọ́n ti àkáǹtì òun pa. Ẹ̀rọ ló tì í, kì í ṣe èèyàn. Ìròyìn tún jáde láti ọ́fíìsì New York pé àwọn òṣìṣẹ́ tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi káàdì ìwọlé kan ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá tan àwọ̀ ewé, iṣẹ́ ṣì wà. Bó bá tan pupa, ó tán nìyẹn.

Ìdí tí mo fi mú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí nìyí. Bí èèyàn bá béèrè bóyá iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ dára, ẹnìkan á máa ròyìn owó oṣù, ẹlòmíì á máa ka iye àwọn tí wọ́n lé. Òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ, àmọ́ wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀tọ̀ ni adùn, ọ̀tọ̀ ni ìkorò. Nínú ọ̀rọ̀ Google yìí, orísun kan náà ni méjèèjì ti ṣàn wá, a sì lè fọwọ́ tọ́ka sí i.

Ohun tí wọ́n ní kí ọjọ́ yẹn tó dé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi owó. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ilé-iṣẹ́ tí ìpín ìdókòòwò rẹ̀ wà lọ́jà máa kéde iye tí òṣìṣẹ́ àárín ń gbà lọ́dún. Ká ní a to gbogbo òṣìṣẹ́ Alphabet láti orí ẹni tó ń gba owó tó kéré jù dórí ẹni tó ń gba èyí tó pọ̀ jù, ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn ìlà náà gba 295,884 dọ́là lọ́dún 2021. Kì í ṣe owó oṣù nìkan ló wà níbẹ̀ o, ìpín ìdókòòwò tí wọ́n fún un náà wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ mélòó ló wà láyé tí ẹni àárín, tí kì í ṣe ọ̀gá rárá, ti ń mú irú owó bẹ́ẹ̀ relé?

Àwọn ajẹmọ́nú tó yí owó náà ká ò kéré. Láti ọdún 1999, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ èèyàn díẹ̀, ni wọ́n ti gba alásè, oúnjẹ ọ̀fẹ́ sì ti di ara ibi iṣẹ́ látìgbà náà. Bọ́ọ̀sì wọn ń gbé òṣìṣẹ́ lọ, ó ń gbé wọn bọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì sì wà nínú rẹ̀. Ní 2012, ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nígbà náà là á mọ́lẹ̀ pé bí òṣìṣẹ́ wọn kan ní Amẹ́ríkà bá kú, ọkọ tàbí aya rẹ̀ á máa gba ìdajì owó oṣù rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2022, wọ́n tún fi kún ìsinmi ọmọ: ẹni tó bímọ á gba ọ̀sẹ̀ 24, òbí kejì á gba 18, owó oṣù ò sì ní dúró. Ẹ fi èyí tó gbẹ̀yìn yìí sọ́kàn, a máa padà dé orí rẹ̀.

Lójú tèmi, kò sí èyí tó tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ nínú gbogbo rẹ̀. Níbẹ̀, kóòdù (àṣẹ tí wọ́n ń kọ fún kọ̀ǹpútà) tí ẹnìkan bá kọ ò ní wọ inú ètò láìjẹ́ pé ẹlòmíì kọ́kọ́ kà á, kó sì fọwọ́ sí i. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé lè ṣí iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ kó bá ọ̀rọ̀ ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kan: bí èèyàn méjì bá tẹ bọ́tìnnì yìí lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ó máa ná an ní ọ̀sán kan kó tó rí ìdáhùn, àmọ́ kò ní gbàgbé rẹ̀ láyé. Bí ètò kan bá wó lulẹ̀, wọ́n á jókòó kọ àkọsílẹ̀ tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wákàtí tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, àti ohun tí wọ́n máa tún ṣe. Wọn kì í wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Ohun tó jẹ́ kó bàjẹ́ ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́ta gba irú ẹ̀kọ́ yìí, kò sí ìdádúró tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

(Mo rántí àkọsílẹ̀ yẹn nígbà tí mò ń ka ohun táwọn tí wọ́n dá dúró kọ. Ilé-iṣẹ́ tó máa ń ṣàlàyé wákàtí sí wákàtí bí ẹ̀rọ ṣe ṣubú, kò ṣàlàyé fún ọ̀pọ̀ wọn ìdí tó fi jẹ́ àwọn gan-an ni wọ́n yàn.)

Ìpín tó ń bọ́ síni lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí jù, torí òun ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Bí ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá bá gbà ọ́ síṣẹ́, ó lè ṣèlérí ìpín ìdókòòwò tó tó iye báyìí fún ọ. Kì í kó o fún ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń pín in sórí ọdún, mẹ́rin ló wọ́pọ̀, á sì máa bọ́ sí ọ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́, tìrẹ ni, o lè tà á lónìí. Èyí tí kò tíì bọ́ sí ọ lọ́wọ́, ìlérí lásán ni. Bó o bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ìlérí pa rẹ́. Bí wọ́n bá ní kó o máa lọ, ó sábà máa ń pa rẹ́ bákan náà.

Ìpín yìí ti sọ èèyàn dolówó. Ní 1999, Google gba obìnrin kan láti máa wá wọ́ra fáwọn òṣìṣẹ́, kì í tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Wọ́n fi ìpín kún owó kékeré tó ń gbà lọ́sẹ̀. Nígbà tí Google gbé ìpín rẹ̀ lọ sọ́jà ní oṣù Ògún 2004, tí wọ́n ń ta ẹyọ kan ní 85 dọ́là, awọ́ra di olówó mílíọ̀nù. Ìtàn yẹn tàn kálẹ̀, ó sì wà lára ohun tó ń mú káwọn ọ̀dọ́ máa lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kiri. Ní 2023, ìwé tí Google fi ránṣẹ́ sí ìjọba California nípa àwọn tí wọ́n fẹ́ dá dúró fi hàn pé awọ́ra 27 wà lára wọn.

Ẹ wò ó bí ìpín ṣe ń ṣe. Ó ń so èèyàn mọ́lẹ̀, torí gbogbo ìgbà ni èyí tó kàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ẹni tó ti sú, tí iṣẹ́ ti gba oorun ojú rẹ̀, á ní kóun ṣì mú sùúrù títí oṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ náà á sì ní tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ owó òṣìṣẹ́ di ohun tí ọjà ń gbé sókè sódò. Láàárín ọdún 2022, iye ìpín Alphabet já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí wọ́n ṣèlérí ìpín fún nígbà tí iye rẹ̀ ga, iṣẹ́ kan náà ló ṣe, àmọ́ owó tó wọlé fún un dín kù.

Òṣìṣẹ́ nìkan kọ́ ló ni ìpín. Àwọn olówó ńlá náà ní i, ojú tí wọ́n fi ń wò ó sì yàtọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Bélú 2022, TCI, ilé-iṣẹ́ ìdókòòwò kan ní London tí ìpín Alphabet ọwọ́ rẹ̀ ju bílíọ̀nù dọ́là lọ, kọ lẹ́tà sí Pichai. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù, owó tí wọ́n ń san fún wọn sì ti pọ̀ jù. Kí ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí? Iye 295,884 dọ́là yẹn gan-an. Ohun tó ń fa òṣìṣẹ́ wọlé ni wọ́n mú dání wá ṣẹjọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀

Ní ìparí 2019, Alphabet ní òṣìṣẹ́ 118,899. Àjàkálẹ̀ àrùn dé, gbogbo ayé jókòó sílé sídìí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ìpolówó ọjà ń wọlé bí omi. Ìparí 2021, wọ́n ti di 156,500. Ìparí 2022, 190,234. Pichai jẹ́wọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀ pé àwọn gba èèyàn síṣẹ́ nítorí ọrọ̀ ajé tó yàtọ̀ sí èyí tó wà nílẹ̀ báyìí.

Kì í ṣe pé ilé-iṣẹ́ náà ń kú lọ o. Èrè rẹ̀ lọ́dún 2022 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 bílíọ̀nù dọ́là. Ó kàn kéré sí 76 bílíọ̀nù ti ọdún tó ṣáájú ni. Meta tó ni Facebook ti dá 11,000 dúró ní oṣù Bélú, Amazon kéde 18,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ Ṣẹ́rẹ́, Microsoft kéde 10,000 ní ọjọ́ méjì ṣáájú Google. Bí gbogbo ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe é, kò sẹ́ni tójú máa tì. Èrò tèmi nìyẹn, mi ò sì rò pé mo ṣì í.

Ohun tí wọ́n fún wọn, àti ibi tó ti yàtọ̀ síra

Ká má purọ́ mọ́ wọn, owó ìdágbére náà kì í ṣe ti ahun. Ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ á gba owó rẹ̀ fún ó kéré tán 60 ọjọ́ láìṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà owó ọ̀sẹ̀ 16, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó ti lò. Ìpín tó yẹ kó bọ́ sí i lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 16, ó kéré tán, á tètè bọ́. Ètò ìlera á wà fún oṣù mẹ́fà. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré tí owó tán lọ́wọ́ olówó rẹ̀ lè má rí ìdá mẹ́wàá irú rẹ̀.

Àmọ́ 60 ọjọ́ yẹn kì í ṣe inú rere lásán. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1988 ló ní kí ilé-iṣẹ́ ńlá fún òṣìṣẹ́ ní 60 ọjọ́ kó tó lé wọn lọ́pọ̀. Ìpínlẹ̀ New York ní tirẹ̀ béèrè 90. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn nípa iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í sọ: ibi tó o jókòó sí ṣiṣẹ́ lè ba ọ̀rọ̀ rẹ jẹ́ tàbí kó tún un ṣe, bí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ṣe ń ṣe.

Wo Yúróòpù. Lẹ́tà Pichai fúnra rẹ̀ sọ pé níbòmíì, ọ̀rọ̀ náà máa pẹ́ díẹ̀ nítorí òfin ibẹ̀. Ní Jámánì àti Faransé, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá aṣojú òṣìṣẹ́ jókòó sọ̀rọ̀ kó tó lè lé èèyàn lọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀. Àkáǹtì ẹnikẹ́ni ò lè kú lóru kó sì parí síbẹ̀. Ní Zurich, níbi tí Google ní nǹkan bí 5,000 òṣìṣẹ́, àwọn kan ti dábàá pé káwọn dín wákàtí àti owó oṣù kù kí ẹnikẹ́ni má bàa pàdánù iṣẹ́. Wọn ò gbà fún wọn. Nígbà tí wọ́n dá èèyàn tó lé ní 200 dúró níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ jáde kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le jù ni ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà iṣẹ́. Físà H-1B so mọ́ ilé-iṣẹ́ tó gbà ọ́. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka 60 ọjọ́. Láàárín rẹ̀, o gbọ́dọ̀ rí ilé-iṣẹ́ míì tó máa gbé físà náà sórí ara rẹ̀, tàbí kó o yí ipò rẹ padà lábẹ́ òfin, tàbí kó o kẹ́rù ilé. Nínú àwọn oṣù tí Meta, Amazon, Microsoft àti Google ń lé èèyàn, ta ló ń gba èèyàn? Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023 kan náà ni Google dá ètò tí wọ́n fi ń bá òṣìṣẹ́ tọrọ ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí lọ dúró. Owó tó ń wọlé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ àti ti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè dọ́gba géérégé, ṣùgbọ́n ewu wọn ò dọ́gba rárá.

Mo ní ká rántí ìsinmi ọmọ. Wọ́n fi kún un ní Ṣẹ́rẹ́ 2022. Ní Ṣẹ́rẹ́ 2023, àwọn tó wà nínú ìsinmi náà gan-an, àtàwọn tó wà nínú ìsinmi àìlera, wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún wọn tó para pọ̀ kọ̀wé sáwọn ọ̀gá pé kí wọ́n san owó ọ̀sẹ̀ ìsinmi tí wọ́n ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ fáwọn. Ìlérí tó wà nínú ìwé ajẹmọ́nú, bí ìpín tí kò tíì bọ́ ló rí. Ó ń bẹ níwọ̀n ìgbà tíṣẹ́ bá ń bẹ.

Àwọn tí a kì í kà

Títí di ibí, òṣìṣẹ́ gidi là ń sọ. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún Google lójoojúmọ́, tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń san owó wọn. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2019, wọ́n tó 121,000, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ gidi jẹ́ 102,000. Ìwé ìròyìn New York Times ló gbé e jáde. Káàdì funfun wà lọ́rùn òṣìṣẹ́ gidi, pupa ni ti àwọn wọ̀nyí. Ilé kan náà, tábìlì kan náà nígbà míì, ṣùgbọ́n kò sí ìpín, ajẹmọ́nú wọn kò tó nǹkan, owó ọ̀sẹ̀ 16 kò sì kàn wọ́n. Bí wọ́n bá ní kí oníkáàdì pupa má padà wá mọ́, kò ní hàn nínú 12,000 kankan.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá kan, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni: ta ló ń san owó oṣù rẹ? Ẹgbẹ́ Alphabet Workers Union, tó jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2021, gba òṣìṣẹ́ gidi àti oníkáàdì pupa mọ́ra, mo sì gbà pé ohun tó yẹ ni wọ́n ṣe.

Àwọn tó ṣẹ́ kù

Àwọn tí iná tan àwọ̀ ewé fún náà rí tiwọn. Ní oṣù Èrèlé, wọ́n sọ fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ẹ̀ka Cloud (tó ń yá àwọn ilé-iṣẹ́ míì ní agbára kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ní Amẹ́ríkà pé èèyàn méjì á máa pín tábìlì kan, kálukú pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀. Wọ́n dín iye àwọn tó máa gba ìgbéga sí ipò àgbà kù. Ní òpin Ẹrẹ́nà, lẹ́tà míì wá láti ọ̀dọ̀ Ruth Porat tó ń mójú tó owó nígbà náà: wọn ò ní máa tètè pààrọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́, àwọn ibi oúnjẹ kan máa tì. Wọ́n tilẹ̀ ń dín ibi tí wọ́n ń kó ohun èlò bíi sítépílà sí kù.

Oṣù Igbe ni ìwé tó jáde fi hàn pé owó tí wọ́n ṣírò fún Pichai lọ́dún 2022 tó 226 mílíọ̀nù dọ́là, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ìpín. Oṣù yẹn náà ni wọ́n kéde pé àwọn máa fi tó 70 bílíọ̀nù ra ìpín ilé-iṣẹ́ náà padà. Ohun tí gbogbo ìdádúró náà pẹ̀lú àwọn ọ́fíìsì tí wọ́n tì ná wọn ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ 2.6 bílíọ̀nù. Ẹni tó ṣẹ́ kù, tó ní ìpín tirẹ̀ lọ́wọ́, jàǹfààní nínú rírà padà yẹn bí iye ìpín ṣe ń gòkè. Èmi ò lè bá a bínú. Òun náà ti di olówó díẹ̀, ó sì jẹ́ òṣìṣẹ́ síbẹ̀, ìdúnnú àti ìbẹ̀rù sì ń bá a gbé nínú yàrá kan náà.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2023, nǹkan bí 1,400 òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí lẹ́tà kan sí Pichai. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹni tó fẹ́ lọ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó lé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó wà nínú ìsinmi parí ìsinmi rẹ̀, kí wọ́n sì dáwọ́ gbígba ẹni tuntun dúró fúngbà díẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, ìdádúró míì dé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló sì bá a lọ. Ó di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025 kí wọ́n tó sọ fáwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka tó ń ṣe Android, Chrome àti fóònù Pixel ní Amẹ́ríkà pé ẹni tó bá fẹ́ lọ lè gba owó ìdágbére kó máa lọ. Ní oṣù Igbe ọdún kan náà, ìròyìn jáde pé wọ́n tún dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún dúró nínú ẹ̀ka yẹn.